Ta Ló Kó O Wọlé? Ọ̀rọ̀ Kókó Abẹ́ àti Kòkòrò Tó Ń Fà Á

Nínú àwọn àìsàn tó ń gbé tọkọtaya dé iwájú dókítà, bóyá la fi rí èyí tó ń dá ìjà sílẹ̀ tó kókó abẹ́. Kì í fi bẹ́ẹ̀ dunni, kì í gbé ibà wá, kì í sì í pani. Àmọ́ bó bá ti hù sí ojú ara ìyàwó tàbí sí ara nǹkan ọmọkùnrin ọkọ, ìbéèrè tó ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn kì í ṣe "Kí ni ká lò sí i?" Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé, "Ta ló kó o wọlé?" Dókítà tàbí nọ́ọ̀sì tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ìbéèrè yẹn gan-an ló yẹ kí òun kọ́kọ́ yanjú kí òun tó ṣí ìgò oògùn, torí pé tí ìjà bá ti bẹ́ sílẹ̀ nílé, ọ̀pọ̀ aláìsàn kì í padà wá gba ìtọ́jú ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Ìdáhùn tó wà níbẹ̀ kì í tẹ́ ẹni tó ń wá ọ̀daràn lọ́rùn. Kókó abẹ́ kò lè sọ ọjọ́ tó wọlé, kò sì lè dárúkọ ẹni tó gbé e wá. Dókítà tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò bo ẹnikẹ́ni láṣìírí. Bí kòkòrò tó ń fà á ṣe ń ṣiṣẹ́ ló fà á, iṣẹ́ kòkòrò yẹn ló sì yẹ kéèyàn mọ̀ kó tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́.

Kókó náà fúnra rẹ̀ kò ṣòro dá mọ̀ fún ẹni tó ti rí i rí. Ó lè jẹ́ ẹyọ kan tí kò ju mìlímítà 2 lọ, ó sì lè jẹ́ ọ̀pọ̀ tó so mọ́ra wọn, tó wá rí gbágungbàgun bí ogbe orí àkùkọ. Lára aláwọ̀ dúdú, ó sábà máa ń dúdú ju awọ tó yí i ká lọ, àmọ́ ó lè pọ́n tàbí kó funfun tó bá hù síbi tó máa ń tutù. Lára ọkùnrin, ó lè hù sí ara nǹkan ọmọkùnrin, sí ẹnu ihò ìtọ̀ tàbí sí ara kórópọ̀n. Lára obìnrin, ó lè hù sí ètè ojú ara, ó sì lè wọnú lọ títí dé ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ níbi tí ẹni tó ni ín kò ti lè rí i. Ó máa ń hù yí ihò ìdí ká pẹ̀lú, kódà lára ẹni tí kò gba ìdí ní ìbálòpọ̀ rí. Ó lè máa yúnni, ó lè ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀ téèyàn bá ń wẹ̀ tàbí tó bá fá irun abẹ́, àmọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ló jẹ́ pé ọwọ́ ni wọ́n ṣèèṣì fi kàn án nínú balùwẹ̀.

Iná tó mọ́lẹ̀ dáadáa, ìbọ̀wọ́ àti ojú tó mọ nǹkan ni àyẹ̀wò rẹ̀ ń gbà jù. Aláìsàn á dùbúlẹ̀, nọ́ọ̀sì á fi aṣọ bo ibi tí kò yẹ kó wà ní gbangba, dókítà á wá wo gbogbo abẹ́ látòkè délẹ̀, kò ní dúró síbi tí aláìsàn nawọ́ sí nìkan. Lẹ́yìn náà ni yóò gba ẹ̀jẹ̀ láti fi ṣàyẹ̀wò sífílíìsì àti HIV. Ẹni tó bá kánjú lè fo ìyẹn dá, kó sì fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ máa pa lápálápá, torí sífílíìsì tó ti dé ìpele kejì máa ń hu kókó pẹlẹbẹ tó ń tutù sí abẹ́, tó sì jọ èyí tí à ń wí yìí. Abẹ́rẹ́ pẹnisílínì ló ń wo ti sífílíìsì. Tí wọn kò bá gún un, kókó náà lè wọlẹ̀ fúnra rẹ̀, kí inú aláìsàn máa dùn, kí àìsàn sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ nínú ara.

Àwọn kan sì wà tí wọn kò ṣàìsàn rárá. Ọ̀dọ́mọkùnrin ló pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n á ní kókó wẹ́wẹ́ tó tò yí orí nǹkan ọmọkùnrin ká ní ìlà kan tàbí méjì, gbogbo rẹ̀ á dọ́gba. Bí Ọlọ́run ṣe dá wọn nìyẹn. Kì í ran ẹnikẹ́ni, kò sì fẹ́ oògùn. Irú rẹ̀ máa ń wà lójú ara àwọn obìnrin kan náà. Àmọ́ kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn, wọ́n á ti fi ọṣẹ dúdú, spírítì àti oríṣiríṣi ìpara họ ibẹ̀ títí tó fi bó. Ọgbẹ́ tí wọ́n fọwọ́ ara wọn dá ni dókítà á wá máa tọ́jú.

Ó pẹ́ kí àwọn oníṣègùn pàápàá tó mọ ohun tó ń fa kókó abẹ́. Àwọn kan kà á sí ìdọ̀tí, àwọn mìíràn ní ọyún àtọ̀sí tó ń kan awọ ló ń hù ú. Ní 1907, dókítà ará Ítálì kan, Giuseppe Ciuffo, lọ kókó ara kúnná, ó sẹ́ omi rẹ̀ gba inú asẹ́ tí bakitéríà kankan kò lè kọjá, ó sì fi omi náà gún ara rẹ̀ lọ́wọ́. Kókó hù síbẹ̀. Ó hàn nígbà náà pé ohun tó kéré ju bakitéríà lọ ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, ohun tí à ń pè ní fáírọ́ọ̀sì. Ní 1954, dókítà mẹ́ta nílẹ̀ Amẹ́ríkà, Barrett, Silbar àti McGinley, kọ ìròyìn nípa ìyàwó àwọn sójà kan. Àwọn ọkọ wọn ti ṣiṣẹ́ ogun lọ sí ìlà oòrùn Éṣíà, wọ́n gbé kókó bọ̀ lára nǹkan ọmọkùnrin wọn, kò sì pẹ́ tí wọ́n padà sílé tí irú rẹ̀ fi hù sára àwọn ìyàwó. Ìròyìn yẹn ló jẹ́ kó dá àwọn oníṣègùn lójú pé ìbálòpọ̀ ló ń gbé kókó abẹ́ láti ara dé ara.

Ẹjọ́ àwọn sójà yẹn rọrùn láti dá: ọkọ lọ, ọkọ dé, kókó hù. Ti ọ̀pọ̀ tọkọtaya kì í rí bẹ́ẹ̀.

Orúkọ kòkòrò náà ni human papillomavirus, HPV ni gbogbo ayé ń pè é. Ẹ̀yà rẹ̀ tí wọ́n ti mọ̀ lé ní 200. Àwọn kan ń hu kókó sí ọwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀. Nǹkan bí 40 ló ń gbé abẹ́. Nínú wọn, ẹ̀yà 6 àti 11 ló ń fa nǹkan bí 90 nínú 100 kókó abẹ́. Ibi tí awọ bá ti ń ra awọ ni kòkòrò náà ti ń wọlé. Ojú ibi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, tí ojú lásán kò lè rí, ti tó o. Á wọ ìpele awọ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, á sì jókòó síbẹ̀. Bí awọ bá ṣe ń dàgbà bọ̀ lókè ni kòkòrò náà ń bá a gòkè, táá máa bí sí i, táá sì bá awọ tó ti gbó já sórí ara ẹlòmíràn.

Kì í wọ inú ẹ̀jẹ̀. Kì í pa awọ tó wọ̀, kì í sì í jẹ́ kí ibẹ̀ wú tàbí kó gbóná. Nítorí náà, àjẹsára ara kì í tètè mọ̀ pé àlejò ti dé. Ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí oṣù mẹ́ta kí kókó tó yọ, ó sì lè ju ọdún kan lọ. Lára ọ̀pọ̀ èèyàn, kò ní yọ rárá: wọ́n á gbé kòkòrò náà, wọ́n á fún ẹlòmíràn, ara wọn á sì borí rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀ pé ó wá rí. Nínú ẹni 10 tó bá kó HPV, nǹkan bí ẹni 9 ni ara wọn máa ń borí rẹ̀ láàrin ọdún méjì. Lára àwọn mìíràn, ó máa ń fara pamọ́, kó wá yọjú nígbà tí àjẹsára ara bá rẹlẹ̀: nígbà oyún, nígbà tí HIV bá wọlé, tàbí nígbà tí èèyàn bá ń lo oògùn tó ń tẹ àjẹsára rì.

Ẹ wo ẹjọ́ kan tí irú rẹ̀ wọ́pọ̀. Ọkọ àti ìyàwó ti fẹ́ra fún ọdún mẹ́jọ. Ìyàwó lóyún, kókó hù sí ojú ara rẹ̀. Ọkọ jókòó tì í níwájú dókítà, ó káwọ́ mọ́ àyà, ó ní, "Dókítà, ẹ wo èmi náà kẹ́ ẹ rí i, kò sí nǹkan kan lára mi. Ẹ bá mi bi í léèrè." Òótọ́ ni, kò sí nǹkan kan lára rẹ̀. Dókítà tó mọṣẹ́ kò ní bi ìyàwó léèrè ohunkóhun níbẹ̀. Ohun táá sọ ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, ara yín mọ́ lónìí lóòótọ́, àmọ́ ìyẹn kò ní kí kòkòrò yìí má ti gba ara yín kọjá rí. Ó lè jẹ́ pé ẹ ti ní in kẹ́ ẹ tó fẹ́ ìyàwó yín. Ó sì lè jẹ́ pé ìyàwó yín ti ní in kí wọ́n tó mọ̀ yín rárá, kó wá jẹ́ pé oyún yìí ló jẹ́ kó yọjú. Kò sí àyẹ̀wò kankan tó lè sọ èyí tó jẹ́ nínú méjèèjì." Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni ọ̀pọ̀ ọkọ kì í fẹ́ gbọ́, òun náà ló sì ń mú kí ọ̀pọ̀ wọn padà wá mú ìyàwó wọn wá gba ìtọ́jú.

Kò sẹ́ni tó ní kí dókítà purọ́. Ìbálòpọ̀ ló ń gbé kòkòrò yìí kiri, ẹni tó bá sì ń yan àlè lè kó o lánàá òde yìí. Ohun tó wà ńlẹ̀ ni pé ẹni tó yan àlè lánàá àti ẹni tí kò mọ ẹlòmíràn láti ọdún mẹ́jọ, kókó kan náà ló ń hù sí wọn lára. Kò sí bí a ṣe lè fi irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ lé ìyàwó jáde nílé, kí ọkàn ẹni sì balẹ̀ pé ẹjọ́ òdodo la dá.

Bí HPV ṣe pọ̀ tó láàrin wa tún yẹ kó dín ìfura kù. Àwọn oníṣègùn ní Ìbàdàn àti àwọn olùwádìí láti òkè òkun jọ ṣiṣẹ́ ní Ìdíkàn, láàrin ìgboro Ìbàdàn. Wọ́n yẹ àwọn obìnrin tó lé ní 900 wò. Nígbà tí èsì jáde ní 2004, obìnrin 26.3 nínú 100 ni wọ́n bá HPV lára, ìyẹn ju ẹnì kan nínú mẹ́rin lọ. Kì í ṣe àwọn ọ̀dọ́ nìkan. Gbogbo ọjọ́ orí ló kàn, títí dórí àwọn ìyá tó ti darúgbó. Wọn kì í ṣe aṣẹ́wó tí ẹnikẹ́ni ṣà jọ. Inú àdúgbò, láàrin àwọn aráalé, ni wọ́n ti lọ bá wọn.

Nígbà tí ìbẹ̀rù ẹjọ́ bá wọlé, ilé ìyàgbẹ́ ni ọ̀pọ̀ máa ń di ẹrù náà lé lórí. Ọmọ yunifásítì á ní tọ́ílẹ́ẹ̀tì họ́sítẹ̀lì ni òun ti kó o; ìyàwó ilé á ní tọ́ílẹ́ẹ̀tì ibi ayẹyẹ ni. Ẹni tó ń ta oògùn ní kẹ́míìsì á gbà pẹ̀lú wọn, á sì ta kápúsù "tọ́ílẹ́ẹ̀tì ìnfẹ́kṣọ̀n" fún wọn. Kápúsù tó ń pa bakitéríà kì í ràn fáírọ́ọ̀sì. Kò sì tíì sí ẹ̀rí tó múná dóko pé orí àga ìyàgbẹ́ ni èèyàn ti ń kó kókó abẹ́. Kọ́ńdọ̀mù ń dín ewu rẹ̀ kù, ó sì yẹ ní lílò, àmọ́ kò lè dí i pátápátá, nítorí awọ abẹ́ tí kọ́ńdọ̀mù kì í bò pọ̀.

Ní ti ìtọ́jú, sùúrù ló gbà. Kò sí oògùn tó ń lé HPV kúrò lára. Kókó ni oògùn ń mú kúrò, àjẹsára ara ló ń bá kòkòrò náà fúnra rẹ̀ jà. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ń lò nílé ìwòsàn ni ásíìdì trichloroacetic, tí agbára rẹ̀ tó 80 sí 90 nínú 100. Nọ́ọ̀sì á fi Vaseline pa awọ tó dára tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kókó, á wá ti igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí òwú wà lẹ́nu rẹ̀ bọ inú ásíìdì náà, á rọra tọ́ ọ sórí kókó, díẹ̀ báyìí. Kò ní pẹ́ tí kókó á fi funfun báláú. Aláìsàn á di eyín, torí ó máa ń ta, títa náà á sì rọlẹ̀ láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Wọ́n á jẹ́ kó gbẹ kó tó wọ aṣọ rẹ̀. Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, á tún wá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa ṣe é títí kókó á fi tán.

Ilé ìwòsàn mìíràn ń lo nitrogen tó ti di omi, tó tutù dé ìwọ̀n 196 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, láti mú kókó dì kó lè kú. Wọ́n lè fi iná mànàmáná jó o, wọ́n sì lè gé e lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi abẹ́rẹ́ pa ojú ibẹ̀ kú. Oògùn tí aláìsàn lè máa fi para nílé náà wà. Podophyllotoxin ni ọ̀kan: lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, kó sinmi fún ọjọ́ mẹ́rin, kó tún bẹ̀rẹ̀, kó má ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ. Aláboyún kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Imiquimod ni èkejì, tí wọ́n ń fi para lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ tó lè tó 16. Òun kì í jó kókó. Àjẹsára ara ló ń ta jí kó lè rí ohun tó fara pamọ́ sí i.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Awọ tó ń dán, tó mọ́ tónítóní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí kókó wà lè ní kòkòrò nínú, ìdí nìyẹn tí kókó fi máa ń padà yọ, pàápàá láàrin oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹni tí wọn kò bá sọ èyí fún á rò pé oògùn kò ṣiṣẹ́, tàbí pé ẹnì kejì òun ti tún lọ gbé òmíràn wá. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń pe ara wọn ní olóògùn ti máa ń rí i mú. Wọ́n á fún un ní ohun tó ń jẹ awọ, títí dórí omi bátìrì ọkọ̀, láìsí ìwọ̀n, láìsí ohun tí wọ́n fi dáàbò bo awọ tó dára. Ọgbẹ́ tó jinlẹ̀ ló ń gbé irú àwọn bẹ́ẹ̀ dé ilé ìwòsàn, kókó á sì ṣì wà láàrin rẹ̀. Sìgá mímu náà kì í jẹ́ kí ara tètè borí kòkòrò yìí.

Aláboyún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Kókó lè tóbi sí i nínú oyún, kó sì súnkì lẹ́yìn ìbímọ. Kò pọn dandan kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un nítorí kókó nìkan, àfi tó bá tóbi tó fi dí ọ̀nà tí ọmọ máa gbà tàbí tó lè ṣẹ̀jẹ̀ púpọ̀. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí kò wọ́pọ̀ rárá, ẹ̀yà 6 tàbí 11 máa ń wọ ọ̀fun ọmọ nígbà ìbímọ, kó sì hu kókó síbẹ̀. Ọmọ tí ohùn rẹ̀ bá há fún ìgbà pípẹ́, tó sì ń mí tìrìn-tìrìn, kí wọ́n gbé e lọ fún dókítà ọ̀fun. Bí kókó bá sì hù sí abẹ́ ọmọdé, kí ẹnikẹ́ni má kánjú fẹ̀sùn kanni, kí ẹnikẹ́ni má sì dákẹ́. Ó lè jẹ́ láti ìgbà ìbímọ, ó lè jẹ́ láti ọwọ́ ẹni tó ń wẹ̀ ẹ́, ó sì lè jẹ́ pé ẹnì kan ń fi ọmọ náà ṣèṣekúṣe. Dókítà tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ ọmọdé ló yẹ kó yẹ̀ ẹ́ wò.

Lẹ́yìn ìjà, ìbẹ̀rù jẹjẹrẹ ló kù. Ẹni tó ti ka nǹkan lórí fóònù á bèèrè pé ṣé kókó yìí kò ní di jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ. Ẹ̀yà 6 àti 11 tó ń hu kókó kọ́ ló ń fa ìyẹn. Ẹ̀yà 16 àti 18 ló ń fa nǹkan bí 70 nínú 100 rẹ̀ káàkiri àgbáyé, àwọn yẹn kì í sì í sábà hu kókó tí ojú lè rí.

Síbẹ̀, kókó abẹ́ ló ṣamọ̀nà dé ìdí jẹjẹrẹ náà. Nígbà tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé fáírọ́ọ̀sì herpes ló wà nídìí rẹ̀, dókítà ará Jámánì kan, Harald zur Hausen, kọ̀ jálẹ̀. Ó ti ka ìròyìn àtijọ́ nípa kókó abẹ́ tó di jẹjẹrẹ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì gbà pé ibẹ̀ ló yẹ kí òun ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1980, òun àti Lutz Gissmann yọ ẹ̀yà 6 jáde láti inú kókó abẹ́. Wọ́n wá a nínú jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ, wọn kò bá a níbẹ̀. Wọn kò jáwọ́. Ohun tí wọ́n ti mọ̀ nípa ẹ̀yà inú kókó ni wọ́n fi wá àwọn tó bá a tan, ẹ̀yà 16 yọjú ní 1983, ẹ̀yà 18 sì tẹ̀ lé e ní 1984. Wọ́n bá ẹ̀yà 18 nínú HeLa pẹ̀lú, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì Henrietta Lacks, obìnrin adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà tí jẹjẹrẹ yìí pa ní Baltimore ní 1951, tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ṣì wà nílé àyẹ̀wò káàkiri ayé. Ní 2008, zur Hausen gba ẹ̀bùn Nobel.

Nítorí náà, kí obìnrin tí kókó hù sí lára má sọ pé jẹjẹrẹ ti dé, kó má sì sọ pé ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ kò kan òun. Ọ̀nà tí ẹ̀yà 6 gbà wọlé, ẹ̀yà 16 lè gbà á. Láti ọmọ ọdún 30, kí gbogbo obìnrin máa lọ fún àyẹ̀wò ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ; ẹni tó bá ní HIV, kó bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ ọdún 25. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa, ọtí kíkan tí wọ́n pò mọ́ omi ni nọ́ọ̀sì ń tọ́ sí ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ. Ibi tó bá ti fẹ́ bàjẹ́ á funfun, wọ́n sì lè tọ́jú rẹ̀ lọ́jọ́ náà kó tó di jẹjẹrẹ.

Oògùn ìdènà ló wá yí ọ̀rọ̀ gbogbo padà. Ní 1991, ní Yunifásítì Queensland ní Ọsirélíà, Jian Zhou tó wá láti ilẹ̀ Ṣáínà àti Ian Frazer ọmọ Scotland rí ọgbọ́n tí wọ́n fi ṣe èèpo HPV láìsí nǹkan kan nínú rẹ̀. Òfìfo èèpo ni: kò lè bí sí i, kò lè fa àìsàn, àmọ́ àjẹsára ara á rí i, á sì kọ́ bí yóò ṣe dá ojúlówó mọ̀. Zhou kú ní 1999. Ọdún 2006 ni abẹ́rẹ́ Gardasil jáde. Ó ń dènà ẹ̀yà mẹ́rin: 16 àti 18 nítorí jẹjẹrẹ, 6 àti 11 nítorí kókó. Ìwúkàrà, irú èyí tó ń wú búrẹ́dì, ni wọ́n fi ń ṣe èèpo inú rẹ̀.

Ọsirélíà bẹ̀rẹ̀ sí í gún un fún àwọn ọmọbìnrin ní 2007. Nínú àwọn ọmọbìnrin ibẹ̀ tí kò tíì pé ọdún 21 tó wá sí ilé ìtọ́jú àrùn ìbálòpọ̀, 11.5 nínú 100 ló ní kókó abẹ́ lọ́dún yẹn. Nígbà tó fi máa di 2011, ó ti wálẹ̀ dé 0.85. Wọn kò rí ẹyọ kan lọ́dún 2011 lára àwọn tó sọ pé àwọn ti gba abẹ́rẹ́ náà. Àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ wọn tó ń bá obìnrin lòpọ̀ kò gba abẹ́rẹ́ kankan nígbà yẹn, síbẹ̀ tiwọn náà já láti 12.1 sí 2.2 nínú 100, torí pé ara àwọn obìnrin tí wọ́n ń bá pàdé ti mọ́. Àwọn ọkùnrin tó ń bá ọkùnrin lòpọ̀ kò rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ní 2013, Ọsirélíà kó àwọn ọmọkùnrin mọ́ ọn.

Ọ̀nà mìíràn ni Bìrìtìkó gbà. Ní 2008, abẹ́rẹ́ Cervarix ni wọ́n mú, tó ń dènà ẹ̀yà 16 àti 18 nìkan. Kò dí kókó lọ́nà, wọ́n sì yí i padà sí Gardasil ní 2012. Láti 2019 ni wọ́n ti ń gún un fún àwọn ọmọkùnrin pẹ̀lú, nílé ẹ̀kọ́. Àwọn òbí tó jẹ́ Yorùbá ní London mọ ìwé tí ilé ẹ̀kọ́ máa ń fi ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n fọwọ́ sí i. Kí wọ́n fọwọ́ sí i fún ọkùnrin àti obìnrin.

Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá, 2023, pẹ̀lú ìlérí láti dé ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin mílíọ̀nù 7.7, láti ọmọ ọdún 9 sí 14, ẹ̀ẹ̀kan péré ni gígún náà. Èkó, Ògùn àti Ọ̀ṣun wà nínú ìpele àkọ́kọ́. Ọ̀yọ́, Oǹdó, Èkìtì àti Kwara tẹ̀ lé e ní 2024. Gardasil ẹlẹ́yà mẹ́rin ni, èyí tó túmọ̀ sí pé ọmọ tó bá gbà á lórí jẹjẹrẹ, ó ti gbà á lórí kókó náà. Jẹjẹrẹ yìí nìkan pa nǹkan bí 8,000 obìnrin ní Nàìjíríà ní 2020.

Àhesọ ò ṣàìtẹ̀ lé e pé wọ́n fẹ́ fi abẹ́rẹ́ náà sọ ọmọ wa di àgàn. Kò sí ohun tó ń ba ilé ọmọ jẹ́ nínú èèpo òfìfo tí ìwúkàrà ṣe. Muhammad Ali Pate, tó jẹ́ mínísítà fún ètò ìlera nígbà náà, sọ ní gbangba pé àwọn ọmọbìnrin òun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti gbà á. Àwọn òbí mìíràn ní ọmọ àwọn kì í ṣe ìṣekúṣe, kí ló fẹ́ fi abẹ́rẹ́ ìbálòpọ̀ ṣe? Abẹ́rẹ́ náà kì í wo kókó tó ti hù, kì í sì í lé kòkòrò tó ti wọlé. Kí ọmọ tó mọ ọkùnrin rárá ni agbára rẹ̀ pọ̀ jù, ìdí nìyẹn tí ọmọ ọdún 9 fi wà nínú rẹ̀. Ọmọ tó pa ara rẹ̀ mọ́ di ọjọ́ ìgbéyàwó ṣì lè bá HPV pàdé lára ọkọ tó fẹ́, tí ọkọ náà kò sì mọ̀ pé òun gbé nǹkan kan.

Ẹ̀yin tí kókó bá hù sí lára, ẹ jọ lọ fún àyẹ̀wò, ẹ̀yin àti ẹnì kejì yín, lọ́jọ́ kan náà, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ yín. Ẹ̀yin ìyá tó ti lé lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún, ẹ má dúró dìgbà tí nǹkan bá ń dùn yín kẹ́ ẹ tó lọ fi ọtí kíkan ṣàyẹ̀wò. Ẹni tó bá sì ní ọmọbìnrin tó ti pé ọdún 9 nílé, kó mú un lọ sí ilé ìtọ́jú ìlera ìjọba tó wà ládùúgbò, kó béèrè fún abẹ́rẹ́ HPV. Ọ̀fẹ́ ni.